Kìlómítà Kan, Ọgọ́rùn-ún Sẹ́fà

Ní ẹnu Àkàbà Ìdẹ̀nà ní Kétu, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa,
àwa méje dúró ti kẹ̀kẹ́ àlòkù
tí wọ́n já sílẹ̀ ní èbúté Kútọnu.
Orúkọ ọmọ òyìnbó kan ṣì wà lára tèmi,
ọmọ tó ti ga ju ìjókòó náà lọ.
Mo mì ín wò: ó dún bí agolo tí wọ́n kó ṣíbí sí.

Bàbá Ọ̀dúntàn aránṣọ ra kìlómítà márùn-ún.
Lèmọ́mù ra mẹ́wàá, ó ní kí a má dárúkọ òun;
katikíìsì gbọ́, ó ra mọ́kànlá,
ó ní kí a dárúkọ òun díẹ̀.
Ìyá Fẹ́híntọlá kò ra nǹkan kan.
Ó kàn ń fi ìdí ìró nu ìjókòó kẹ̀kẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń nu orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Fẹ́híntọlá.
Jẹjẹrẹ kò bi í léèrè ọjọ́ orí.
Ní ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́, yàrá àwọn ọmọdé
ní àwòrán erin àti labalábá lára ògiri;
wọ́n ní ó ti dàgbà jù ú.
Wọ́n gbé e sáàárín àwọn àgbà.
Ìyá arúgbó kan gbórí sókè lórí ibùsùn,
ó bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé:
"Ọmọ mi, ta lo wá bẹ̀ wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.
Ó wúwo ju ẹrù iṣu lọ.

Ilẹ̀ pupa. Òkè kéékèèké tó ń purọ́ pé àwọn ti tán.
Àwọn tó ń fi alùpùpù ru bẹntiróòlù bọ̀ láti Ìlárá
kọjá lára wa, wọ́n pariwo:
"Ta ló ń lé yín?"
"Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Àwa là ń lé e!"

Ní Ìpòbẹ́, ṣéènì mi já.
Oníkẹ̀kẹ́ kan tí ìka rẹ̀ ku mẹ́ta lọ́wọ́ òsì
so ó pọ̀, ó fi àdín pa á lára, ó ní gíríìsì ti tán.
Mo na owó sí i. Ó wò ó bí ẹni wo ẹja ìjẹta.
"Kìlómítà mélòó lèyí jẹ́?"
"Méjì."
"Kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi náà..."
Kò parí rẹ̀. Ó yíjú sí táyà ẹlòmíì.

Òjò bá wa ní Sákẹ́tẹ́. Itan mi di igi.
Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀ kí n sunkún.
Ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tí ọ̀nà mi parí sí;
mo mọ ẹni tí kò sí òkúta àmì lójú ọ̀nà tirẹ̀.
Ojú tì mí. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá nígbà tí a dé.
Orí rẹ̀ ń dán, kò fi aṣọ bò ó.
Mo ti to ọ̀rọ̀ ìtùnú sẹ́nu láti Sákẹ́tẹ́,
kò jẹ́ kí n sọ̀ ọ́.
Ó yọ ẹyọ owó kan lápò:
"Kìlómítà kan ni mo rà. Sọ̀ kalẹ̀.
Èmi ni n ó gun tèmi."

Mo wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo ojú ọ̀run.
Fẹ́híntọlá gùn ún yí máńgòrò ká, ẹsẹ̀ tín-ín-rín,
agogo ń dún kinrin kinrin,
ìyá arúgbó ọjọ́sí ń kà á lójú fèrèsé:
"Ẹ̀ẹ̀kan! ... Ẹ̀ẹ̀mejì!"
Ó dúró. Èémí rẹ̀ ń já.
"Mélòó ló kù?"

Ogún àyíká ni yóò pé kìlómítà kan níbẹ̀.
"Ó ku méjìdínlógún."
"Má fi jì mí o. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí òjò ti rẹ:
Fẹ́híntọlá, àyíká méjì.
Ó jẹ wá ní méjìdínlógún.